Ojú Kọ̀ǹpútà Fífẹ̀ àti Ọkọ Àbẹ̀kẹ́

Ẹ̀yin ará mi nínú Ẹgbẹ́, mo mọ̀ pé ìtàn ogun àti ìtàn ọba ni a sábà máa ń kà nínú ìwé wa yìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè lẹ́ẹ̀kan yìí kí n pìtàn ohun kan tí gbogbo wa ń wò láti òwúrọ̀ títí di alẹ́, tí a kì í sì í béèrè ìdí tí ó fi rí bí ó ti rí, èyíinì ni ojú kọ̀ǹpútà. Kì í ṣe ọgbọ́n ni ó gbé mi dé ìdí ọ̀rọ̀ náà, ìtìjú ni.

Nígbà tí bàbá ìyá mi re ibi àgbà ń rè, èmi ni ẹbí yàn pé kí n tẹ ìwé ètò ìsìnkú, nítorí pé, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti wí, èmi ni mo ń kọ́ nípa èdè ní Yunifásítì. Mo gba iṣẹ́ náà tayọ̀tayọ̀. Mo lọ sí ilé oníkọ̀ǹpútà kan ní àdúgbò wa, wọ́n sì fi mí jókòó sí ìdí mọ́nítọ̀ kan tí ó fẹ̀ bí ojú fèrèsé. Lẹ́tà inú rẹ̀ kéré jù fún ojú mi. Kí ni mo ṣe? Mo wá ibi tí wọ́n kọ Resolution sí, mo bá 1920 × 1080 níbẹ̀, mo sì fà á wálẹ̀ sí 1024 × 768. Lójú ẹsẹ̀ lẹ́tà tóbi, inú mi dùn. Lóòótọ́ ohun gbogbo fẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́: ẹ̀rẹ̀kẹ́ bàbá àgbà wú nínú fọ́tò bí ti ẹni tí ń fọn fèrè, lẹ́tà o sì dà bí ẹyin tí a fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀. Mo ní kò burú, ṣebí yóò tọ́ nígbà tí a bá tẹ̀ ẹ́ sórí pépà. Fọ́tò náà tọ́ lóòótọ́. Inú fọ́tò kọ́ ni àṣìṣe wà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìsìnkú, ìyá àgbà mú ẹ̀dà kan, ó fi awò sójú, ó kà á títí ó fi dé ibi oríkì ọkọ rẹ̀. Ó dákẹ́. Lẹ́yìn náà ó pè mí.

"Àkànní, ta ni ó sọ fún ọ pé mo ní oko? Èmi kò ní oko kankan o. Ọkọ ni mo ní, òun náà ni ẹ sì ń gbé lọ sin lónìí yìí."

Mo wo ibi tí ó fi ìka sí. Níbi tí ó yẹ kí "ọkọ Àbẹ̀kẹ́" wà, "oko Àbẹ̀kẹ́" ni mo kọ. Igba ẹ̀dà ni a sì tẹ̀.

Lẹ́yìn tí a ti sìnkú tán ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí bí ojú mi ṣe gba ibẹ̀ kọjá tí n kò rí i. Ìwádìí náà gbé mi jìnnà ju bí mo ti rò lọ, nítorí ọ̀dọ̀ àwọn onísinimá ni ó kọ́kọ́ gbé mi lọ.

Ní nǹkan bí ọdún 1892, ní ilé iṣẹ́ Thomas Edison ní Amẹ́ríkà, William Dickson ń lo fíìmù tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 35, ó sì fún àwòrán kọ̀ọ̀kan ní ihò mẹ́rin ní ẹ̀gbẹ́. Àwòrán tí ó ti inú ètò yìí jáde jẹ́ 4 ní ìbú sí 3 ní gíga. Kò sí òfin ọ̀run kan tí ó sọ pé bẹ́ẹ̀ ni kí ó rí, ṣùgbọ́n àwọn tí ó tẹ̀lé e kò yà kúrò nínú rẹ̀, tẹlifíṣọ̀n náà sì gbà á lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù October, ọdún 1959, gíláàsì tí àwọn bàbá wa péjọ síwájú rẹ̀ tí wọ́n ń yà lẹ́nu, 4 sí 3 ni.

Inú àwọn onísinimá Amẹ́ríkà kò dùn sí tẹlifíṣọ̀n, nítorí pé ó ń gba oníbàárà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n wá ohun tí tẹlifíṣọ̀n kò lè ṣe, wọ́n sì rí fífẹ̀. Ní 1953, ilé iṣẹ́ Twentieth Century-Fox gbé sinimá The Robe jáde ní ọ̀nà tí wọ́n pè ní CinemaScope. Ará Faransé kan, Henri Chrétien, ni ó ti ṣe irú awò tí ó mú un ṣeé ṣe. Awò yìí a máa fún àwòrán láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kí ó lè wọ inú fíìmù mìlímítà 35. Bí ó bá di inú ilé sinimá, awò mìíràn a tú u sílẹ̀ ní iye tí ti ìṣáájú fi fún un. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ojú sí ibẹ̀ yẹn. Ẹni tí yóò tú nǹkan sílẹ̀ níláti mọ iye tí a fi fún un. Bí ó bá lọ tú ohun tí ẹnì kan kò fún, gbogbo òṣèré a di olójú pẹrẹsẹ. Ohun tí èmi ṣe fún bàbá àgbà gan-an nìyẹn.

Nígbà tí ó di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, oríṣiríṣi ìwọ̀n ni ó ti kún inú ayé sinimá, àwọn onímọ̀ sì ń wá ọ̀kan tí tẹlifíṣọ̀n tuntun yóò gbà. Ará Amẹ́ríkà kan, Kerns Powers, gé onígun mẹ́rin ní onírúurú ìwọ̀n wọ̀nyí, ó rí i pé ilẹ̀ inú gbogbo wọn dọ́gba, ó sì tò wọ́n lé ara wọn ní àárín gbùngbùn. Ó wá rí i pé àpótí tí ó lè gba gbogbo wọn àti àpótí kékeré tí gbogbo wọn jọ bò ní ìrísí kan náà: 16 sí 9. Ẹni tí ó bá fẹ́ràn ìṣirò yóò rí i pé 4 lọ́nà 4 ni 16, 3 lọ́nà 3 sì ni 9. Ibẹ̀ ni ìwọ̀n ojú kọ̀ǹpútà wa òde òní ti wá.

Nínú gbogbo èyí, kò sí ẹni tí ó bi olùkàwé léèrè. Kí a má purọ́, àwọn kan ti rò ó rí. Kọ̀ǹpútà Alto tí ilé iṣẹ́ Xerox ṣe ní 1973 ní pixel 606 ní ìbú àti 808 ní gíga, ó dúró ṣánṣán bí abala pépà. Ṣùgbọ́n wọn kò gbé e lọ sí ọjà.

Pixel tí mo dárúkọ yìí ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀. Ojú kọ̀ǹpútà kì í ṣe odindi. Àmì ìmọ́lẹ̀ tóótòòtó ni a tò jọ bí ìlẹ̀kẹ̀ lára adé. Nígbà tí IBM gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ jáde ní 1981, èyí tí ó ní àwọ̀ lè fi 640 × 200 hàn, lẹ́tà 80 sì ń wọ inú ìlà kan, ìlà 25 ní ojú kan. Ẹ pín in wò: ìlẹ̀kẹ̀ 8 ní ìbú, 8 ní gíga, òun ni ìpín lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ó tó fún Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ wá gbìyànjú kí ẹ kọ ọ̀ sínú rẹ̀: àmì ohùn lókè, lẹ́tà fúnra rẹ̀ láàárín, àmì nísàlẹ̀, kí àyè díẹ̀ sì ṣẹ́ kù kí ìlà kejì má baà gùn ún lórí. Kò lè gbà á. Crowther ti tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843. Ní 1875 wọ́n ṣe ìpàdé ní Èkó lórí bí a ó ṣe máa kọ èdè wa sílẹ̀, ọ̀rọ̀ àmì abẹ́ lẹ́tà sì wà nínú ohun tí wọ́n jíròrò. Lẹ́yìn ọdún 106, ẹ̀rọ dé tí kò ní àyè fún un.

Àyè náà ń pọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀. Ní 1987 IBM mú 640 × 480 wá, ó sì tún mú 1024 × 768 wá. 4 sí 3 ni méjèèjì. Lẹ́yìn ọdún 2000, mọ́nítọ̀ pẹlẹbẹ lé èyí tí ó ní ikùn lẹ́yìn lọ. Fífẹ̀ dé, 16 sí 10 ni ó kọ́kọ́ wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n láti nǹkan bí 2008 ni 16 sí 9 ti gba ọjà, nítorí pé ó rọ àwọn tí ń gé gíláàsì tẹlifíṣọ̀n lọ́rùn láti gé ti kọ̀ǹpútà ní ìrísí kan náà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé àwọn jèrè. Láti igun dé igun ni a ń wọn mọ́nítọ̀. Ti àtijọ́ tí ó jẹ́ íńṣì 19 ga tó íńṣì 11 ó lé díẹ̀, ti òde òní tí òun náà jẹ́ íńṣì 19 kò ga ju íńṣì 9 ó lé díẹ̀ lọ. Ìlà ìwé tí a lè rí lẹ́ẹ̀kan dín kù.

Mọ́nítọ̀ oníkùn kò yan ìwọ̀n ní àyànjù, nítorí pé ìtànṣán ni ó fi ń kun ojú rẹ̀ bí ẹni ń fi ẹfun kun ògiri. Ti pẹlẹbẹ dà bí ọpọ́n ayò: iye ihò tí a gbẹ́ sí i ni iye tí yóò máa ní títí láé. Èyí tí mo lò ní ihò 1920 ní ìbú àti 1080 ní gíga, èmi sì ní kí ó fi 1024 àti 768 kún wọn. Pixel kan níláti na ara rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ dé ibi tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó méjì tí kò sì pé méjì. Sí òkè, kò tó ọ̀kan àti ààbọ̀. Nítorí náà ni òbìrìkìtì tí gíga rẹ̀ jẹ́ 3 ṣe di 4 ní ìbú, tí etí gbogbo lẹ́tà sì dà rú bí yíǹkì tí omi kán sí. Nínú pixel 2,073,600 tí mọ́nítọ̀ náà ní, 786,432 péré ni mo fi ṣiṣẹ́. Èyí tí mo sọ nù lé ní mílíọ̀nù kan, àmì abẹ́ lẹ́tà sì wà lára ohun tí ó bá a lọ. Ẹ fi ti ìlà pupa wíwọ́ kún un, èyí tí ètò tí mo fi ń tẹ̀wé ń fà sábẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀ Yorùbá bí ẹni pé àṣìkọ ni wọ́n. Abẹ́ "ọkọ" àti abẹ́ "oko" wá rí bákan náà lójú mi: ìdọ̀tí pupa.

Bẹ́ẹ̀ ni ohun tí ó yẹ kí n ṣe kò le. Lórí Windows, ẹ fi bọ́tìnì ọ̀tún máòsì tẹ ibi tí ó ṣófo, ẹ yan Display settings; ní Display resolution, ẹ yan èyí tí wọ́n kọ Recommended sí lára, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ibi tí wọ́n kọ Scale sí ni a ti ń mú lẹ́tà tóbi, sí 125% tàbí 150%. Nígbà náà kọ̀ǹpútà yóò fi ìlẹ̀kẹ̀ púpọ̀ sí i ya lẹ́tà kan náà, kò ní na ìlẹ̀kẹ̀ díẹ̀. Ọ̀nà yìí ni Apple gbà ní 2012 nígbà tí ó gbé MacBook Pro tí ó ní 2880 × 1800 jáde: níbi tí ti àtijọ́ ti ń lo pixel kan, mẹ́rin ni ó ń lò, lẹ́tà kò sì kéré. Bí ẹ kò bá rí ìwọ̀n mọ́nítọ̀ yín nínú àwọn tí wọ́n tò síbẹ̀, ẹ yẹ wáyà wò. Láti 1994 ni a ti ṣètò pé kí mọ́nítọ̀ máa fi wáyà sọ ìwọ̀n ara rẹ̀ fún kọ̀ǹpútà, bí ọ̀rọ̀ wọn kò bá sì yé ara wọn, ìwọ̀n àtijọ́ ni kọ̀ǹpútà máa ń dì mú.

N kò mọ ọ̀kan nínú gbogbo èyí ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Ìyá àgbà ni ó mọ ohun tí a ó ṣe. Ó ní kí n lọ mú bírò wá. Èmi àti àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi mẹ́ta jókòó sábẹ́ àtíbàbà, a ń tẹ àmì sí abẹ́ lẹ́tà, méjì méjì lórí ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan. Bàbá kan tí ó ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ tíṣà rí wa, ó rẹ́rìn-ín, ó fa kálàmù tirẹ̀ yọ, ó sì jókòó tì wá. Ó ní bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ṣe ń ṣe ní ayé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé: ẹ̀rọ a tẹ̀ ẹ́ tán, ọwọ́ a wá fi àmì sí i. Tirẹ̀ mọ́ ju tiwa lọ. A ṣe é títí agogo ṣọ́ọ̀ṣì fi lù. Nígbà tí mo na ọwọ́ sí ẹ̀dà ìyá àgbà, kò fún mi. Ó gba bírò náà lọ́wọ́ mi, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ àmì méjèèjì sí abẹ́ ọkọ rẹ̀.