Sidi Bou Said

Sidi Bou Said jẹ́ abúlé olókìkí kan ní Tùnísíà, lórí òkè tó kọjú sí Òkun Mẹditaréníà, nǹkan bí 20 kìlómítà sí Tunis, olú-ìlú. Orúkọ àfáà olùfọkànsìn Abu Said al-Baji, tó kú ní 1231, tí sàréè rẹ̀ sì wà níbẹ̀, ni abúlé náà ń jẹ́.

Àṣà Lárúbáwá, ti Andalusia, ti Tọ́kì àti ti Yúróòpù ló pàdé níbẹ̀. Funfun ni ògiri ilé. Búlúù ni ilẹ̀kùn, wọ́n sì fi orí ìṣó dúdú ṣe ọnà sí i lára. Rodolphe d'Erlanger, ayàwòrán àti onímọ̀ orin tí wọ́n bí ní Faransé, kọ́ ààfin Ennejma Ezzahra síbẹ̀ láàárín 1912 sí 1922. Ààfin náà ti di ojúkò orin Lárúbáwá báyìí.

Ọkọ̀ ojú irin TGM ló ń gba Carthage gbé àlejò wá láti Tunis. Àwọn tó wá lo ìsinmi a máa jókòó lórí ẹní ní Café des Nattes, kí wọ́n mu tíì ewé míǹtì. Wọ́n tún máa ń jẹ bambalouni, ìyẹ̀fun pípò tí wọ́n ṣe roboto bí òrùka, tí wọ́n dín, tí wọ́n sì yí nínú ṣúgà. Etíkun kékeré wà nísàlẹ̀ òkè fún ẹni tó bá fẹ́ lúwẹ̀ẹ́.