Kí Rédíò Tó Dé Ni Abẹ́òkúta Ti Ń Fi Orin Polówó Ọjà

Àwọn àgbà ní ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò. Ní Abẹ́òkúta, ohùn ènìyàn ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń gún àgúnmu náà. Kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tó ń jẹ́ rédíò ni ẹlẹ́kọ, alákàrà àti onímọ́ínmọ́ín ti ń gbé igbá kiri àdúgbò, tí oníkálùkù wọn sì ní ohùn orin tó fi ń pe oníbàárà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká, ẹni tí wọ́n bí sí Abẹ́òkúta ní ọdún 1934, rántí ohùn wọn nínú ìwé Aké tó jáde ní ọdún 1981. Nínú ìwé kan náà ló ti fi wọ́n wé àwọn ṣọ́ọ̀bù ìgbàlódé tí ẹ̀rọ orin ń pariwo níbẹ̀, ó sì hàn pé àyípadà náà kò dùn mọ́ ọn.

Ìpolówó àwọn ìyá wọ̀nyí kì í ṣe ariwo lásán. Bí ènìyàn bá tú u wò, iṣẹ́ mẹ́ta ló ń ṣe. Ó ń sọ ohun tí wọ́n ń tà. Ó ń sọ bí ọjà náà ṣe rí, bóyá ó gbóná tàbí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú epo. Ohùn tó sì gbé e jáde ń jẹ́ kí ará ilé mọ ẹni tó ń bọ̀ kó tó yọ sójúde. Ẹni tó fẹ́ràn àkàrà ìyá kan kì í ra ti ẹlòmíràn bó bá ti gbọ́ ohùn rẹ̀ lókèèrè. Ohùn yẹn ni àmì ọjà rẹ̀.

Nígbà tí Henry Townsend, míṣọ́nnárì ìjọ CMS, tẹ Ìwé Ìròhìn jáde ní Abẹ́òkúta ní ọjọ́ 3, oṣù Kejìlá, ọdún 1859, ọ̀nà mìíràn ṣí sílẹ̀ fún ìkéde. Ṣùgbọ́n 120 owó ẹyọ ni wọ́n ń ta ẹ̀dà kan, ẹni tó mọ̀wé nìkan ló sì lè kà á. Ìwé Ìròhìn kógbá sílé nígbà Ìfọ́lé ọdún 1867, nígbà tí wọ́n lé àwọn òyìnbó kúrò nílùú. Ìpolówó àwọn tó ń kiri ọjà kò bá a lọ, nítorí etí ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn tó mọ bí orin ṣe ń pe èrò jọ ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá kì í tilẹ̀ ṣe oníṣòwò. Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti, bàbá tó bí bàbá Fẹlá, fi orin Yorùbá fa ọ̀pọ̀ ènìyàn wá sí ìjọ. Ní ọdún 1922, ilé-iṣẹ́ Zonophone gba orin rẹ̀ tó lé ní 40 sílẹ̀ ní London. Ẹ̀kọ́ ńlá wà níbẹ̀ fún oníṣòwò: ọ̀rọ̀ Yorùbá ti ní ohùn nínú kí olórin tó fọwọ́ kàn án. Bí orin bá gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ ti wálẹ̀, ìgbá tí wọ́n ń jẹ lè di igbá tí wọ́n fi ń bu omi. Ẹni tó kàn há orúkọ ọjà rẹ̀ mọ́ orin òyìnbó lè náwó polówó ohun tí kò tà.

Western Nigeria Television bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31, oṣù Kẹwàá, ọdún 1959. Lẹ́yìn tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀ ní ọjọ́ 3, oṣù Kejì, ọdún 1976, Abẹ́òkúta ní ilé-iṣẹ́ rédíò ìjọba ìpínlẹ̀ tirẹ̀, OGBC. Orin ìpolówó wá di ohun tí wọ́n ń fi ìṣẹ́jú àáyá díwọ̀n, tí wọ́n sì ń sanwó fún. Láàárín àwọn ọdún wọ̀nyẹn, Àyìnlá Ọmọwúrà ti Ìtọ́kò ń fi àpàlà sọ ọ̀rọ̀ owó Udoji àti ètò ìkànìyàn fún àwọn tí kì í ka ìwé ìròyìn.

Lónìí, ẹ̀rọ gbohùngbohùn kékeré ti gba ipò ẹnu lọ́jà. Ó rọrùn, kì í sì í jẹ́ kí ohùn há. Àmọ́ orin olórin ńlá ni ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ń gbé sí i. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọnà, èyí tí Nàìjíríà tún ṣe ní ọdún 2022, ní ẹni tó ni orin ló gbọ́dọ̀ yọ̀ǹda kí ẹlòmíràn tó fi polówó. Yàtọ̀ sí ti òfin, oníbàárà lè jó kó sì kọjá lọ. Orúkọ olórin ni yóò rántí, kì í ṣe ti ṣọ́ọ̀bù.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn aládìrẹ Ìtòkú gbọ̀ngbọ̀n. Aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀ láti Ṣáínà, tó jọ àdìrẹ, tí owó rẹ̀ sì kéré, ti ń bá iṣẹ́ ọwọ́ wọn du oníbàárà. Ojú lè ṣì wọ́n mú. Etí ṣì lè gbọ́ ìyàtọ̀, bí ẹni tó rẹ aṣọ náà bá fi orin sọ ẹ̀kọ tàbí àbẹ́là tí wọ́n fi ya ọnà sí i, aró tí wọ́n rì í sí, àti agboolé tó ti jáde. Ẹ̀rọ ilẹ̀ òkèèrè lè jí ọnà ara aṣọ, ṣùgbọ́n kò ní ìdílé aláró tí yóò kì.

Irú orin bẹ́ẹ̀ kò gba owó púpọ̀: onílù kan, ohùn tó dá ṣáká, àti gbólóhùn mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó jẹ́ òtítọ́. Alákàrà àtijọ́ kò tilẹ̀ ní onílù.