Nígbà Tí Èèkù Di Àkọ̀

Àwọn àgbà ní ọ̀bẹ ń wó ilé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́. Wọ́n tún ní bí ọwọ́ ọmọdé kò bá tí ì tẹ èèkù idà, kì í bèèrè ikú tí ó pa baba rẹ̀. Nínú òwe méjèèjì, àkọ̀ ni ilé, èèkù ni agbára. Ọ̀tọ̀ ni ọ̀kan, ọ̀tọ̀ ni èkejì. Ọ̀bẹ àpò tí ojú rẹ̀ ń ká ti da ìpín yìí rú: èèkù rẹ̀ náà ni àkọ̀ rẹ̀, irinṣẹ́ mẹ́rin tàbí mẹ́wàá sì lè máa gbé inú rẹ̀.

Èyí tí ayé mọ̀ jù lọ, iṣẹ́ ológun ni ó bí i. Ìbọn tí àwọn ọmọ ogun Switzerland gbà ní 1889 kò ṣeé tú láìsí sukudiráífà, inú agolo sì ni oúnjẹ wọn wà. Nítorí náà ni ìjọba ṣe béèrè ọ̀bẹ tí yóò ní ojú ọ̀bẹ, irin ìdálu, irin ìṣígolo àti sukudiráífà. Solingen ní Jámánì (ẹ wo ọ̀ràn!) ni wọ́n ti kọ́kọ́ rọ ọ̀bẹ Switzerland náà. Karl Elsener, tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ń jẹ́ Victorinox lónìí, ni ó fi orúkọ ọ̀bẹ àwọn ọ̀gá ológun sílẹ̀ ní 1897. Ṣùgbọ́n èrò náà ti pẹ́: ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Fitzwilliam ní Cambridge, irinṣẹ́ fàdákà kan wà láti ayé àwọn ará Róòmù, tí ọ̀bẹ, ṣíbí àti fọ́ọ̀kì rẹ̀ ń ká wọnú ara wọn.

Ní Rẹ́mọ, ọ̀nà mìíràn ni a gbà. Nínú oko obì ní agbègbè Ṣàgámù àti Ìkẹ́nnẹ́, àdá kan náà ni ó ń ṣán igbó, tí ó ń gé ẹ̀ka, tí ó ń la èso obì kí a tó yọ ọmọ inú rẹ̀, tí ó sì ń gbẹ́ ilẹ̀ bí ọkọ́ bá jìnnà. Àdá tí a ya ọ̀nì sí lára, iṣẹ́ ọwọ́ Ralph Martindale ti Birmingham, dé bá wa. Àdá náà ni a ṣì ń pè é.

Bí a bá fẹ́ kó irinṣẹ́ jọ sójú kan, Ògún ni a ń kó wọn fún. Ní Bahia ní Brazil, àwọn olùsìn rẹ̀ a máa so irinṣẹ́ onírin kéékèèké méje rọ̀ mọ́ irin kan. A kì í fi wọ́n ṣiṣẹ́ o. Àmì òrìṣà ni wọ́n.

Tim Leatherman, ará Amẹ́ríkà, fi ọkọ̀ Fiat àlòkù rin Yúróòpù ní 1975. Ọkọ̀ náà ń dẹnu kọlẹ̀, ọ̀bẹ àpò rẹ̀ kò sì ní ohun tí a fi ń di nǹkan mú. Ní 1983 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta irinṣẹ́ tí ẹ̀mú jẹ́ olórí rẹ̀. N kò pè é ní páláyà, nítorí ẹ̀mú ni alágbẹ̀dẹ wa fi ń di irin gbígbóná mú láti ìgbà ìwáṣẹ̀.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ń pe ọ̀bẹ yìí ní “ọ̀bẹ oníṣẹ́-púpọ̀”. Gírámà rẹ̀ kò ní àbùkù, ṣùgbọ́n àdá náà ń ṣe iṣẹ́ púpọ̀. Kíká ni ó ya ọ̀bẹ yìí sọ́tọ̀. Ọ̀bẹ akáséèkù ni èmi dábàá: a, ká, sí, èèkù. Ẹni tí ó bá ní èyí tí ó dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó mú un wá, kìkì pé kí ó má yọ èèkù kúrò nínú rẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń kọ́ òwe idà yẹn lónìí ni kò lè fọwọ́ tọ́ka sí èèkù lára ọ̀bẹ ìdáná ìyá wọn.