Ìṣirò Ohun Tí Iná Jó

Òdo kan ni ó sọ mí di òǹkàwé ìtàn. Olùkọ́ wa ní kí a jó èédú gíráàmù 12, tí kò ní eérú rárá, tán nínú afẹ́fẹ́. Báwo ni gbogbo ohun tí ó jáde yóò ti wúwo tó? Mo fi ọ́síjìn gíráàmù 32 kún un, mo kọ 44, mo sì gbé kálàmù sílẹ̀ bí ọ̀gá. Mo gbàgbé pé ọ́síjìn kì í dá rìn nínú afẹ́fẹ́. Náítírójìn bá a wọlé, kò jó, ó sì bá ọ̀nà èéfín jáde.

Ojú tì mí, àfi ìgbà tí mo rí i pé ẹni tí ó jù mí lọ ti ṣubú níbẹ̀ rí. Ní 1673, Robert Boyle tẹ ìwé kan jáde lórí bí ó ṣe fi tin, irin funfun rírọ̀ tí a fi ń bo inú agolo, sínú ìgò, tí ó dí ẹnu rẹ̀ pa, tí ó sì yan án. Nígbà tí ó ṣí i, afẹ́fẹ́ rọ́ wọlé. Ó gbọ́ ariwo rẹ̀, kò kà á sí. Ó wá wọn tin náà, ó ti wúwo sí i. Ó ní iná ni ó gba ara ìgò kọjá!

Lẹ́yìn rẹ̀ ni Stahl ará Jámánì ń kọ́ni pé ohun kan tí ń jẹ́ phlogiston ni ó ń jáde lára ohun tí ń jó. Ó bá ojú mu, nítorí igi ńlá a máa di eérú ẹ̀kúnwọ́ kan. Ṣùgbọ́n irin tí a yan ń wúwo sí i. Ta ni ó náwó tí àpò rẹ̀ tún kún sí i?

Lavoisier ará Faransé, agbowó-orí ọba, kò gba irú ìṣirò bẹ́ẹ̀. Ní 1774 ó tún iṣẹ́ Boyle ṣe, ṣùgbọ́n ó wọn ìgò náà kí ó tó ṣí i. Ìwọ̀n rẹ̀ kò yẹ̀. Ó ṣí i, afẹ́fẹ́ rọ́ wọlé, ìgbà náà ni ó tó wúwo sí i. Inú afẹ́fẹ́ ìgò ni tin ti mú ohun tí ó fi sanra. Ní ọdún kan náà, Priestley ará Gẹ̀ẹ́sì sọ fún un ní Paris nípa afẹ́fẹ́ kan tí àbẹ́là ń jó nínú rẹ̀ kọjá ààlà. Òun ni Lavoisier sọ ní ọ́síjìn. Ní ọjọ́ 8 oṣù karùn-ún 1794 ni wọ́n bẹ́ orí náà, nítorí iṣẹ́ owó-orí.

Mo tún ìṣirò mi ṣe. Kí n tó kọ nọ́ḿbà kankan, mo ya ìgò kan, mo sì dí ẹnu rẹ̀. Èédú 12, ọ́síjìn 32, náítírójìn bí 105 wọlé; 149 jáde.