Èéfín Tó Bo Lọ́ńdọ̀nù Mọ́lẹ̀ ní Ọdún 1952

Àwọn àgbà ní a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù sùn bẹ́ẹ̀ pẹ́.

Èédú tí wọ́n ń wà nínú ilẹ̀ ni wọ́n fi ń yá iná. Bí afẹ́fẹ́ bá tó èédú, á jó tán. Bí kò bá tó, a máa yọ èéfín dúdú irú èyí tí í lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò, pẹ̀lú kábọ́ọ̀nù mònósáìdì, tí í pani láìrùn. Imí ọjọ́ tún wà nínú èédú. Bó bá jó, gáàsì tó ń ta ni lọ́fun ló ń dà.

Láti nǹkan bí ọdún 1306 ni Ọba Edward Kìíní ti fòfin de sísun èédú nílùú náà. Wọn kò dáhùn. Òtútù ń mú, igi sì ti wọ́n. Ní 1661, John Evelyn kọ̀wé lórí èéfín náà sí Ọba Charles Kejì. Èéfín kò dín kù.

Ní ọjọ́ 5 oṣù Kejìlá, ọdún 1952, òtútù mú gan-an, kálukú sì ko èédú sínú ààrò. Afẹ́fẹ́ tó móoru dé afẹ́fẹ́ tútù mọ́lẹ̀ bí ọmọrí ìkòkò. Èéfín àti kùrukùru pò mọ́ra fún ọjọ́ márùn-ún. Kọ̀ńdọ́kítọ̀ ń fẹsẹ̀ rìn níwájú bọ́ọ̀sì kí awakọ̀ lè ríran. Iye òkú tí wọ́n kọ́kọ́ kà tó 4,000. Àwọn olùwádìí ẹ̀yìn ìgbà náà ní ó ṣeé ṣe kó tó 12,000. Àwọn arúgbó àti ọmọ ọwọ́ ló pọ̀ jù nínú wọn.

Ní 1956, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ṣe Òfin Afẹ́fẹ́ Mímọ́. Ó ka èéfín dúdú léèwọ̀, ó sì fún ìjọba ìbílẹ̀ láṣẹ láti ya àdúgbò tí èéfín kò gbọ́dọ̀ ti jáde sọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó yà á sọ́tọ̀ sí òfin Edward ni owó: ẹni tó bá pààrọ̀ ààrò rẹ̀ ní irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ lè gba méje nínú mẹ́wàá owó tó ná padà. Kò tán lọ́jọ́ kan. Ní 1962, èéfín tún pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn. Síbẹ̀, díẹ̀díẹ̀, ojú ọ̀run là.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá nílé. A máa ń sọ fún àwọn ìyá wa pé kí wọ́n fi igi ìdáná sílẹ̀, pé èéfín rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Òótọ́ ni. Ta ni yóò wá bá wọn ra gáàsì?