Màmá Àjàṣẹ́ Sọ̀rọ̀, Àwa Ò Gbọ́

Ní ọdún 2018, ìyá àgbà kan ní Àjàṣẹ́, ìlú tí ìwé ìjọba ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ń pè ní Porto-Novo, sọ ìtàn ìyá tó bí ìyá wọn fún wa. Ó lé ní ogún ìṣẹ́jú tí wọ́n fi sọ ọ́. Ojú wa ni wọ́n ń wò bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Àwa mẹ́rin tá a jókòó sínú yàrá ìpàdé kan n'Ìbàdàn kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo níbẹ̀.

Iṣẹ́ ìwádìí kékeré kan la ń ṣe nígbà náà, lórí àwọn obìnrin tó ń fi ọkọ̀ ojú omi ná ọjà láàárín Àjàṣẹ́ àti Èkó láyé ìjọba amúnisìn. Owó ọwọ́ wa kò tó láti gbé gbogbo wa dé ọ̀hún. Wọ́n ní ká lo ẹ̀rọ ìpàdé orí fídíò tí ilé-iṣẹ́ tó gbà wá lálejò rà ní tòkunbọ̀: àpótí dúdú kan, kámẹ́rà tó ń yí ọrùn, maikirofóònù kan lórí tábìlì. Ojú tẹlifíṣọ̀n dúdú kirikiri. Ọ̀dọ́kùnrin tó ń tọ́jú ẹ̀rọ náà ní ìpè kò tíì wọlé, ká ṣe sùúrù. A pa maikirofóònù kí ariwo jẹnẹrétọ̀ má baà wọ̀ ọ́, a kọjú sí kámẹ́rà, a jókòó jẹ́ẹ́.

Àwọn tó wà lọ́hùn-ún ń rí wa kedere. Màmá rí ọmọ mẹ́rin tó tẹjú mọ́ wọn láìfọhùn, wọ́n gbà pé ọmọ tí a kọ́ nílé ni wá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìtàn. Ìgbà tí wọ́n sọ ọ́ tán, tí a kò dúpẹ́, tí a kò tilẹ̀ mirí, ni ọmọ ọmọ wọn pè mí lórí fóònù: “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ń gbọ́ wa báyìí? Màmá ti sọ tiwọn tán o.”

Kò sẹ́ni tó gba ohùn náà sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́, torí àdéhùn wa ni pé ẹ̀rọ tiwa ni yóò gbà á. Lọ́jọ́ kejì tí ẹ̀rọ ṣiṣẹ́, ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni màmá fi tún un sọ. Ọmọ ọmọ wọn wá sọ fún mi lẹ́yìn náà pé wọ́n kọrin níbì kan nínú ti àkọ́kọ́, pé omi bọ́ lójú wọn díẹ̀. Kò sí orin kankan nínú ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn.

Mi ò kọ́ṣẹ́ ẹ̀rọ. Ìmọ̀ ìtàn ni mo fi gboyè máàsítà, ìwé tí mo ń kọ fún ẹni tó bá gbé iṣẹ́ wá ni mo fi ń jẹun. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí débi pé mo jókòó ti ọ̀dọ́kùnrin náà títí ilẹ̀ fi ṣú. Ó ṣí ojú ewé kan nínú ètò ẹ̀rọ náà, èyí tó ní àwọn ènìyàn kì í sábà dé. Àlàfo ló kún ibẹ̀: àdírẹ́sì IP, subnet mask, gateway, NAT, nọ́ńbà ẹnu ọ̀nà láti ibi báyìí dé ibi báyìí. Bó ṣe ń ṣàlàyé wọn fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan ni mo ń rí i pé ìwé ìtàn ni mo ń kà. Àlàfo kọ̀ọ̀kan ní ọdún tó ti wá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ní ẹni tí wọn kò rántí nígbà tí wọ́n ń ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣe wá bó ṣe yé mi. Ẹ̀rọ tó bá wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ ní àdírẹ́sì. Ṣùgbọ́n àdírẹ́sì tí ẹ̀rọ wa ní, èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 192.168, kì í ṣe èyí tí ará ìta mọ̀. Ẹ rò ó bí agbo ilé kan n'Ìbàdàn. Ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ló dojú kọ títì, òun nìkan ló ní nọ́ńbà. Nínú ilé, gbogbo wa mọ yàrá Ìyá Ṣadé, a mọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ Bàbá Tíṣà. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá kọ “yàrá kejì lápá òsì” sẹ́yìn lẹ́tà, tó jù ú sí pósọ́fíìsì Kútọnu, ibo ni yóò dé? NAT ni aṣọ́nà tó dúró lẹ́nu ọ̀nà agbo ilé yẹn. Bí ará ilé bá rán lẹ́tà síta, aṣọ́nà a pa “yàrá kejì” tó wà lẹ́yìn rẹ̀ rẹ́, a kọ nọ́ńbà ilé sí i, a sì rántí ẹni tó rán an kí èsì lè bá a. Fún ẹni tó ń ka ìròyìn tàbí tó ń gba ímeèlì, kò sí wàhálà.

Ẹ̀rọ ìpàdé kì í ṣe báyẹn. Inú lẹ́tà gan-an ló ń kọ àdírẹ́sì ara rẹ̀ sí, láàárín ọ̀rọ̀: ẹ máa da àwòrán àti ohùn yín sí mi ní 192.168 báyìí báyìí. Aṣọ́nà kì í tú lẹ́tà ká. Nítorí náà Àjàṣẹ́ gba lẹ́tà wa, ó gba àwòrán wa, ó ka àdírẹ́sì inú rẹ̀, ó sì ń da ohùn màmá sí ibi tí kò sí. Ibi tí màmá ti ń sọ̀rọ̀ ní àdírẹ́sì gidi tirẹ̀. Ìdí nìyẹn tí tiwa fi ń dé ọ̀dọ̀ wọn tí tiwọn kò fi dé ọ̀dọ̀ wa.

Báwo ni àwọn tó gbé irú òfin bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ kò ṣe ronú kan agbo ilé? Ẹ wo ọdún rẹ̀. H.323 ni orúkọ òfin tí ẹ̀rọ wa ń tẹ̀ lé. ITU, àjọ àgbáyé fún ọ̀rọ̀ tẹlifóònù, fọwọ́ sí i ní 1996. Àkọlé ẹ̀dà àkọ́kọ́ sọ ọ́ gbangba pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì inú ọgbà kan ló wà fún, ibi tí gbogbo ẹ̀rọ ti mọ yàrá ara wọn. Ṣáájú rẹ̀, ìpàdé orí fídíò ń gba wáyà tẹlifóònù: ní 1970, nígbà tí AT&T ń ta tẹlifóònù alàwòrán ní Pittsburgh, ẹni tó bá gbà á ní láìnì tirẹ̀ àti nọ́ńbà tirẹ̀. Inú àṣà yẹn ni wọ́n ti wá. Lójú wọn, ẹni tó ní ẹ̀rọ ti ní nọ́ńbà nìyẹn.

Ọdún 1996 kan náà, ní oṣù Èrèlé, ni àwọn onímọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì gbé ìwé mìíràn jáde, RFC 1918, tó ya àwọn àdírẹ́sì kan sọ́tọ̀ fún lílo inú ilé. 192.168 wà lára wọn. Àdírẹ́sì ti ń dín kù, wọ́n sì ní kí àwọn tó bá lè gbé inú agbo ilé máa gbé e. Ọdún kan náà: apá kan ń ṣe ẹ̀rọ tó gbà pé gbogbo ènìyàn ní nọ́ńbà lẹ́nu títì, apá kejì ń kó àwọn ènìyàn wọ inú ọgbà. Ohùn màmá bọ́ sáàárín àwọn méjèèjì.

Kí ló fà á tí àdírẹ́sì fi ń dín kù? Ọjọ́ kìíní oṣù Ṣẹẹrẹ, ọdún 1983, ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ARPANET ti Amẹ́ríkà yí sí òfin tí íntánẹ́ẹ̀tì ṣì ń lò. Àdírẹ́sì tó wà nínú òfin yẹn jẹ́ 4,294,967,296. Ó pọ̀ lójú, wọ́n sì ń pín in bí ẹni pín ilẹ̀ tí kò lópin. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga MIT nìkan gba 16,777,216. Ford, tó ń ṣe mọ́tò, gba iye kan náà. Nínú oṣù Ṣẹẹrẹ 1983 yẹn gan-an ni ilé gogoro tó wà ní Marina l'Ékòó, ilé àjọ tó ń bójú tó tẹlifóònù Nàìjíríà sí ilẹ̀ òkèèrè, gbiná. Mi ò sọ pé iná yẹn ló gba àdírẹ́sì lọ́wọ́ wa. Kò sẹ́ni tó pè wá síbi ìpín náà, ká tilẹ̀ ní ilé wa kò jó. Ṣùgbọ́n nígbàkigbà tí mo bá kọjá ní Marina, mo máa ń gbé ojú sókè wò ó.

Ọjọ́ 3 oṣù Èrèlé, ọdún 2011, àpò gbogbogbòò gbẹ. Wọ́n pín ìdì márùn-ún tó kù fún àjọ márùn-ún tó ń fún àwọn apá ayé ní àdírẹ́sì, ìdì kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. AFRINIC, àjọ ti ilẹ̀ Áfíríkà tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2005, gba tirẹ̀. Iye tó wà nínú ìdì tó kàn wá lọ́jọ́ yẹn, gbogbo wa láti Dákà dé Kápútáànù, jẹ́ 16,777,216. Òótọ́ ni pé AFRINIC ti gba òmíràn ṣáájú, òótọ́ sì ni pé ní 2019 ó hàn pé wọ́n ti jí ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù nínú tiwa kó láti inú ilé, ìyẹn kì í ṣe ẹjọ́ Amẹ́ríkà. Síbẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ kan ti ní iye yẹn lọ́wọ́ tipẹ́, nígbà tó sì di 2017, MIT ta apá kan nínú tirẹ̀; Amazon wà lára àwọn tó rà á.

Àwọn kan gbìyànjú láti yẹ gbogbo èyí sílẹ̀. Ní 2004, Abdul Kalam tó jẹ́ ààrẹ Íńdíà wá síwájú ilé aṣòfin àpapọ̀ Áfíríkà, ó ní òun yóò so ilẹ̀ wa pọ̀ mọ́ Íńdíà pẹ̀lú nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó dá dúró. Ní 2009 wọ́n ṣí i. Dákà ni wọ́n gbé ibùdó rẹ̀ sí, sátẹ́láìtì ló ń gbé e. Ó ní ti ilé-ẹ̀kọ́, ó ní ti ilé ìwòsàn, ó tún ní ọ̀nà fídíò tí àwọn ààrẹ orílẹ̀-èdè fi lè rí ara wọn. Níwọ̀n bí ọ̀nà ti jẹ́ tiwọn, kò sí aṣọ́nà tí yóò pa àdírẹ́sì rẹ́. Ṣùgbọ́n irú sátẹ́láìtì bẹ́ẹ̀ jìnnà sílẹ̀ ní nǹkan bí 36,000 kìlómítà. Bí o bá béèrè ọ̀rọ̀, ó tó ààbọ̀ ìṣẹ́jú àáyá kí èsì tó lè dé, bí ẹni ọ̀hún bá tilẹ̀ dáhùn kíá. Ẹni tó bá ti kí àgbàlagbà lórí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n: o ti bẹ̀rẹ̀ ìkíni kejì kí “pẹ̀lẹ́ o, ọmọ mi” tó balẹ̀, ó wá dà bí ẹni pé o já lu ọ̀rọ̀ àgbà. Púpọ̀ nínú ohun tó sì gba ibẹ̀ kọjá ni olùkọ́ àti dókítà tó ń ti Íńdíà sọ̀rọ̀ sí wa. Ti Àkúrá sí Èkó kò ká a lára tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀rọ wa ní àlàfo kan tí mo fẹ́ràn torí ó pa mí lẹ́rìn-ín. DSCP ni wọ́n ń pè é. Nọ́ńbà tí o bá kọ síbẹ̀ ni ẹ̀rọ yóò lẹ̀ mọ́ ohùn rẹ, bí ẹni kọ “kánjúkánjú” sára lẹ́tà. Láàárín ọgbà rẹ, wọn yóò bọ̀wọ̀ fún un. Bó bá ti jáde sí títì, kò sí ẹni tó jẹ mọ́ ọn láti wò ó. Lẹ́tà “kánjúkánjú” tó ń ti Ìbàdàn lọ sí Àjàṣẹ́ sábà máa ń gba abẹ́ òkun dé Yúróòpù kó tó padà wá, nígbà tí Èkó sí Àjàṣẹ́ jẹ́ nǹkan bí 100 kìlómítà. Àwọn ìyá tí à ń ṣèwádìí nípa wọn gba orí ọ̀sà lọ tààrà.

Ohun tí ọ̀dọ́kùnrin náà ṣe nígbẹ̀yìn kò gbà tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó kọ àdírẹ́sì gidi tí ẹnu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ náà ń lò sínú àlàfo NAT, kí ẹ̀rọ lè máa kọ ọ́ sínú lẹ́tà dípò 192.168. Ó lọ ṣí ẹnu ọ̀nà 1720 àti ìyókù tó yẹ lára ẹ̀rọ tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì. Ó pé. ITU ti ṣe àtúnṣe òfin náà láti 2005 kí irú èyí má baà ṣẹlẹ̀ mọ́, àmọ́ tòkunbọ̀ wa kò gbọ́ nípa rẹ̀.

Ní 2020, nígbà tí Kòrónà sé gbogbo wa mọ́lé, ayé ti rí ọ̀nà mìíràn: kí ẹnikẹ́ni má pe ẹnikẹ́ni mọ́. Èmi àti ìwọ yóò jáde lọ bá ara wa nínú ilé ẹlòmíràn, lórí sáfà Zoom tàbí Google tàbí Microsoft. Níwọ̀n bí àwa méjèèjì ti jáde fúnra wa, aṣọ́nà kò ní wàhálà. Mo ń lò ó lójoojúmọ́, mi ò lè parọ́. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 14 oṣù Ẹrẹ́nà, ọdún 2024, wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà nítòsí Abidjan. Íntánẹ́ẹ̀tì Côte d'Ivoire, Gánà, Bẹ̀nẹ̀ àti Nàìjíríà ń fà bí ìgbín. Lọ́jọ́ yẹn, èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan tó wà ní Kútọnu kò lè rí ara wa, kì í ṣe pé ohun kan já láàárín wa. Ọ̀nà ilé tá a ti máa ń pàdé ló já.

Ojú ewé yẹn tún ní àlàfo kan nísàlẹ̀ pátápátá: IPv6. Òfin rẹ̀ kọ́kọ́ jáde ní 1995, àdírẹ́sì inú rẹ̀ sì pọ̀ débi pé gbogbo yàrá tó wà nínú gbogbo agbo ilé wa lè ní nọ́ńbà lẹ́nu títì. Mo bi ọ̀dọ́kùnrin náà pé kí ló dé tí kò tẹ̀ ẹ́. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní òun lè tẹ̀ ẹ́, ilé-iṣẹ́ tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì fún wọn ni kò ní i. Inú èyí ń bí mi ju ti 1983 lọ, torí a ti wà níbẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Láti 2007 ni ibùdó IXPN ti wà l'Ékòó, tí àwọn ilé-iṣẹ́ Nàìjíríà ti ń fún ara wọn lọ́rọ̀ láìgba òkèèrè. Kí ló ń dá irú rẹ̀ dúró láàárín Èkó àti Kútọnu? Òkun kò sí níbẹ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2019, mo tọ́jú owó ọkọ̀ díẹ̀, mo gba Sèmè lọ sí Àjàṣẹ́ pẹ̀lú ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ kan tó wọ inú àpò. Mo kúnlẹ̀ kí màmá. Wọ́n wò mí títí.

“Ìwọ wà lára àwọn tó jókòó bí ère yẹn.”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Wọ́n ní kí n jókòó, kí n bu omi mu. Ìtàn tí wọ́n sọ fún mi lọ́sàn-án ọjọ́ náà lé ní ìdajì wákàtí, orin méjì wà nínú rẹ̀. Mo bi ọmọ ọmọ wọn lẹ́yìn náà bóyá orin ọjọ́ kìíní wà níbẹ̀. Ó rò ó díẹ̀, ó ní rárá, àwọn wọ̀nyí yàtọ̀.