Ìsoríkọ́ àti ìgbàgbé lára àgbàlagbà: kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ọjọ́ ogbó

Bí màmá tó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún bá ń gbàgbé orúkọ ọmọ-ọmọ, tí oúnjẹ ò wù wọ́n jẹ mọ́, tí wọ́n kàn ń jókòó síbì kan láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, ohun tí ará ilé máa ń sọ ni pé ọjọ́ ogbó ló dé. Àwọn míì á ní màmá ti ń ṣarán. Nígbà míì, ìsoríkọ́ ni, ó sì ní ìtọ́jú.

Ìsoríkọ́ ju kí inú èèyàn bàjẹ́ fún ọjọ́ kan lọ. Tí ìbànújẹ́, tàbí àìnífẹ̀ẹ́ sí ohunkóhun mọ́, bá wà lára èèyàn fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, ó yẹ kí wọ́n fura. Àgbàlagbà kì í sábà sọ pé inú òun bàjẹ́. Wọ́n á ní orí ń gbóná, nǹkan ń rìn lára, oorun ò kun àwọn.

Nínú ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje ti Yunifásítì Ìbàdàn darí láàrin àwọn tó ti pé ọdún 65 sókè ní ìpínlẹ̀ 8 tí wọ́n ti ń sọ Yorùbá, tí àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2007, nǹkan bí èèyàn 7 nínú 100 ló ní ìsoríkọ́ láàrin ọdún kan. Ìyẹn kò kéré rárá fún ilẹ̀ tí wọ́n ti gbà pé ẹni tó bímọ kì í dá wà.

Báwo ló ṣe wá kan ìgbàgbé? Ẹni tó soríkọ́ kì í lè fọkàn sí ohun tí wọ́n ń bá a sọ, ohun tí kò sì wọlé, kò sí bó ṣe fẹ́ rántí ẹ̀. Irú èyí máa ń dínkù tí ìtọ́jú bá ti mú un. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ò tán síbẹ̀. Àwọn onímọ̀ tó kọ ìròyìn fún ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet lọ́dún 2024 ka ìsoríkọ́ mọ́ ohun 14 tó lè dá kún àìsàn iyè ríra, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní dementia. Ó sì lè jẹ́ pé àìsàn iyè ríra ọ̀hún ló ti bẹ̀rẹ̀ lábẹ́lẹ̀, tó jẹ́ pé ìsoríkọ́ ló kọ́kọ́ fi yọjú. Èwo ló ṣáájú? Ibẹ̀ gan-an ló ti ń le fún dókítà pàápàá.

Àmì díẹ̀ wà. Ẹni tó soríkọ́ sábà máa ń ráhùn fúnra rẹ̀ pé òun ń gbàgbé, "mi ò mọ̀" sì ni ìdáhùn rẹ̀ sí ọ̀pọ̀ ìbéèrè. Láàrin ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù díẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀. Iyè ríra a máa rọra wọlé fún ọdún púpọ̀. Ẹni tó ń ṣe lè ṣìnà ní àdúgbò tó ti ń gbé tipẹ́, kó sì ní kò sóhun tó ṣe òun.

Ẹ má lọ ra oògùn ìsoríkọ́ fún wọn ní ṣọ́ọ̀bù o. Amitriptyline, tó wọ́pọ̀ tí kò sì wọ́n, lè tún da iyè àgbàlagbà rú. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé wọn lọ. UCH n'Íbàdàn ní ẹ̀ka tó wà fún àgbàlagbà nìkan. Ẹ kó gbogbo oògùn tí wọ́n ń lò dání, títí kan àgbo. Tí wọ́n bá ń sọ pé ikú yá ju ẹ̀sín, tàbí pé ayé ti sú àwọn, ọjọ́ yẹn náà ni kí ẹ gbé wọn lọ.